Ẹ̀rí Tí Ìyá Àdínì Gbé Mì

Ẹ̀yin ìyá tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹ̀yin bàbá tó fẹ̀yìn ti òpó, kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá gbogbo wa gbé. Ẹ̀rí jíjẹ́ ni wáàsí mi dá lé lónìí. Ẹ mọ̀ pé ìrun jẹ́ dandan, ẹ mọ̀ pé ààwẹ̀ jẹ́ dandan. Ẹni tó mọ òtítọ́, tó wá panu mọ́ nígbà tí wọ́n ń pe olóòótọ́ lópùrọ́ ńkọ́? Ẹ fetí sílẹ̀.

Ní ìlú kan, Àlájà Sàfúrátù ni Ìyá Àdínì. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kéú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ṣe àlùwàlá Àlàásárì lọ́wọ́ nígbà tí Mùínátù, ọmọ kéú rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, wọlé tòun ti híjáàbù yíya.

"Ìyá, Alùhájì Kásúmù ni. Mo gbé aṣọ tí mo bá a rán lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tilẹ̀kùn. Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ẹ́, Ìyá! Ó fipá bá mi lò pọ̀."

Kásúmù wo? Kásúmù tó ra fáànù mẹ́fà sí mọ́ṣáláṣí wọn! (Fáànù tó ń fẹ́ wa níbí yìí, ẹ má bi mí ta ló rà á o.) Ìyá Àdínì gba ọmọ náà gbọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ó gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ló wí?

"Ọmọ mi, ṣe sùúrù. Àṣírí là ń bò, a kì í tú u. Lọ wẹ ìwẹ̀ jànábà, kí o lè kírun."

Fúnra rẹ̀ ló pọn omi. Fúnra rẹ̀ ló fi ọṣẹ fọ aṣọ tí ọmọ náà wọ̀ wá títí kò fi sí àbàwọ́n kankan mọ́. Ó rò pé àánú lòun ń ṣe. Háà! Ọlọ́hun tó ní kí aláìsàn fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe àlùwàlá, ṣé kò ní dúró kí dókítà kọ́kọ́ wo ọmọ ọlọ́mọ ni?

Mùínátù wẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù. Ìyá Àdínì jókòó lẹ́yìn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Lọ́yà Kásúmù dìde sí ọmọ náà.

"Aṣọ tí o wọ̀ lọ́jọ́ náà dà? Ẹni tí wọ́n fipá bá lò, ṣé balùwẹ̀ ló ń sá lọ?"

"Mo fẹ́ kírun ni, sà."

"Ta ló ní kí o wẹ̀?"

Mùínátù wẹ̀yìn, ojú òun àti ti Ìyá rẹ̀ ṣe mẹ́rin. Ó wolẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ní kí n wẹ̀, sà. Èmi ni."

Ṣé ẹ rí ayé? Ó bo àṣírí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọkàn Ìyá Àdínì ní, "Dìde, sọ pé ìwọ ni." Ó tún ní, "Kí ni ẹgbẹ́ Àsàlátù yóò wí?" Ó ń fa tẹ̀sùbáà, kò mọ ohun tó ń kà. Ìtìjú dè é mọ́ àga, kò dìde.

Nígbà tó yá, adájọ́ sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni. Èmi kì í ka orí ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo ń wọ̀n. Ìbéèrè wákàtí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kò yẹ̀. Mo gbà á gbọ́." Ni Kásúmù bá gba ẹ̀wọ̀n lọ.

Níta, Ìyá Àdínì kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí lọ́mọ. "Mùínátù, mo jẹ̀bi. Forí jì mí."

"Ẹ dìde, Ìyá. Adájọ́ ò mọ̀ mí rí, ó gbà mí gbọ́, ó sì sọ ọ́ síta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà mí gbọ́ ṣáájú rẹ̀, kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló lè dá a lóhùn nínú yín? Tí ọmọ bá sá tọ̀ yín wá, ẹ má fomi ṣan ẹ̀rí rẹ̀ dànù, ẹ má sì jẹ́ kó nìkan dúró. Ọlọ́hun, gbogbo ibi tí a ti mọ òtítọ́ tí a sì jókòó, dárí rẹ̀ jì wá. Fún wa lẹ́sẹ̀ tí a ó fi dìde kí adájọ́ tó kọ́ wa. Àmín.