Òwú Ọjà Tó Wà Lára Fúgù Òmìnira

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ìbúra ilé wa fún mi. Ó ní nígbà tí àwọn baba wa gbé òfì kúrò ní Ìlọrin wá sí Tamale, wọ́n búra pé òwú tí ọwọ́ ìyá ilé kò bá ran kò ní wọ òfì wa láéláé.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo yẹ ìbúra náà. Mo gbé e pamọ́ títí Ìyá Àgbà fi kú. N kò lè gbé e mọ́, torí Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí ahunṣọ ní Sọ́ńgò wa, àdúgbò àwa àlejò. Kẹ̀kẹ́ ìranwú Ìyá Àgbà ni wọn yóò fi lé mi lọ́wọ́.

Ọdún tí Gánà gba òmìnira ni. Aṣọ ẹ̀rọ ti kún ọjà, ó sì pọ́ọ́kú. Àwọn obìnrin tó ń ranwú fún wa ti ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ ń tajà. Ìyá Àgbà nìkan ló kù, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Bàbá mi ní bí iṣẹ́ gidi kò bá dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun yóò tú òfì dáná.

Àgbà kan láti àdúgbò Nyohini, ọmọ Dàgọ́ńbà tó ni ìlú, ló gbé iṣẹ́ dé. Fúgù ni, ẹ̀wù gbẹ̀jẹ̀gbẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀ níbí. Ó fẹ́ fi jó lọ́jọ́ òmìnira. "Mma," bí wọ́n ti ń pe ìyá nìyẹn, "bí kò bá yá, kóòtù òyìnbó ni n ó wọ̀ o!"

Ìyá Àgbà ní, "Nínú oòrùn Tamale yìí? Wọn yóò rò pé ìwọ ni gómìnà tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́!"

Iṣẹ́ kù díẹ̀, òwú tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Mo yọ́ lọ sí ọjà ńlá, mo ra òwú ẹ̀rọ. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ògì, mo fi erùpẹ̀ ra á, mo ta á ní kókó kéékèèké kó lè jọ òwú ọwọ́. Mo hun ún mọ́ ti Ìyá Àgbà.

Nígbà tí a rán an tán, Ìyá Àgbà fọwọ́ pa á láti ọrùn ẹ̀wù dé ìṣẹ́tí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí òwú ẹ̀rọ gan-an. Ó rò pé òun ló ran án. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ ní ojú mi fọ́. Ṣé ọwọ́ mi náà fọ́ ni?"

Lọ́jọ́ òmìnira, baba Nyohini yí pòyì, fúgù fẹ̀ bí agboòrùn. Gbogbo ènìyàn ń bèèrè ẹni tó hun ún. Kò pẹ́, iṣẹ́ kún ilé wa. Bàbá mi tó fẹ́ fi òfì dáná wá ń wá igi tí yóò fi kan òmíràn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn obìnrin padà wá, tọmọge tìyàwó. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà kọ́ àwọn bí a ti ń ran òwú ara fúgù yẹn. Òwú tí mo rà lọ́jà! Ó sì kọ́ wọn. Tayọ̀tayọ̀ ló fi kú.

Láti ìgbà náà, òwú ẹ̀rọ kò wọ òfì wa mọ́. Ìjọba ti yí, ṣọ́jà ti gbà á, àwọn obìnrin ṣì ń ranwú lágbàlá wa. Inú mi ń dùn, n kò lè purọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yẹn ni yóò jókòó níwájú mi ní Jímọ̀, wọn yóò ní kí n pa ìtàn fúgù náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún wọn pé òwú tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá, ọwọ́ Ìyá Àgbà kọ́ ló ran án?