Rọ́bà Tí Kò Ní Okùn Nínú

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sórí ẹní àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ tẹ́ ẹ bá ọ̀rẹ́ yín wá, ẹ káàbọ̀, ọ̀rọ̀ òní kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó fi ẹ̀mí wa rí ìrọ̀lẹ́ yìí. Kí Ó bá wa kẹ́ Ànábì wa, kí Ó gẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni mo bá wá. Hẹn-ẹn! Mo rí i tẹ́ ẹ ti ń wo àwọn ìyá elélùbọ́ tó jókòó lápá ọ̀hún. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Ṣé kóńgò nìkan ni wọ́n fi ń rẹ́ èèyàn jẹ? Bíríkìlà tó po yanrìn, tó fi sìmẹ́ǹtì ṣe bí ẹní ń wọ́n iyọ̀, ṣé kò tíì dín òṣùwọ̀n? Télọ̀ tó fi òwú ẹyọ kan rán ibi tó yẹ kó fi méjì rán ńkọ́? Ọlọ́run kìlọ̀ fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, kò sì sọ pé àwọn tó ń ta oúnjẹ nìkan lÒun ń bá wí. Inú ọkọ̀ la ó ti wá òṣùwọ̀n lónìí. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ sún mọ́ iwájú.

Ọkùnrin kan wà, Àlàájì Bùsàírì, ọmọ Ìgbẹ́tì. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Wùlẹ́mọ́tù, bí i lákọ̀ọ́bí, ó bí Gàníyù tẹ̀ lé e, ọkọ sì kú. Ìyá nìkan ló tọ́ wọn. Nígbàkígbà tí Bùsàírì bá wálé, ọ̀rọ̀ kan náà ni màmá máa ń bá a sọ.

"Bùsàírì, tí mo bá kú, ìwọ ni kó o wọ inú sàréè gbà mí. Orí mi ni kó o gbé."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ míì."

"Ọ̀rọ̀ míì wo ló kù lẹ́nu arúgbó? Dá mi lóhùn."

"Mo gbọ́, Màámi. Èmi ni màá gbé e."

"O ò ní rán ẹlòmíì?"

"Mi ò ní rán ẹnì kan."

Àmánà rèé o. Ìyá fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ sì gbà á.

Bùsàírì yìí ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn odi Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ akérò. Ẹ má bi mí lórúkọ ilé-iṣẹ́ náà, mi ò ní sọ. Òun ni ọ̀gá lórí ohun èlò. Irin ni o, ọ̀dà ni o, rọ́bà ni o, ohunkóhun tó bá máa wọ ara ọkọ̀, òun ló ń yàn án. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà pè wọ́n jọ, ó ní ọjà ti le, kí kálukú wá ibi tí ìnáwó yóò ti dín kù.

Bùsàírì ti mú tirẹ̀ dání. Ó gbé rọ́bà méjì sórí tábìlì.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ nípa ọkọ̀, ẹ gbọ́. Ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná bí ààrò. Omi ló ń tù ú lára, rọ́bà ló sì ń gbé omi náà lọ, tó ń gbé e bọ̀. Bí rọ́bà bá ya, omi dànù. Bí omi bá dànù, ọkọ̀ dúró. Ọ̀kan nínú rọ́bà méjì yìí nípọn, wọ́n hun okùn sí àárín rẹ̀ kí ooru má baà wú u. Èkejì fẹ́lẹ́, kò sí okùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dúdú, ó ń dán! Ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, aláìlókùn yìí lẹ máa mú.

Kọ́láwọlé, ẹnjiníà tó ń dán ọkọ̀ wò kó tó jáde, mú èkejì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Bùsàírì, èyí ò lè tọ́jọ́."

"Ta ló ní kó tọ́jọ́? Ọdún kan la ṣèlérí fún oníbàárà. Kó ṣáà ti lo ọdún kan."

"Tó bá wá ya lójú ọ̀nà lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kí mẹkáníìkì náà má jẹun ni?"

Ni gbogbo wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín! Kọ́láwọlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé rọ́bà náà kalẹ̀, ó nu ọwọ́.

Bí wọ́n ṣe dín rọ́bà kù nìyẹn. Wọ́n dín irin ilẹ̀kùn. Ibi tí wọ́n ti ń kun ọ̀dà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ìpẹtà ń dúró dè é lábẹ́. Òkè kan tún wà lẹ́yìn ọgbà wọn. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ kan kì í jáde láìjẹ́ pé wọ́n di àpò yanrìn sínú rẹ̀, kí wọ́n sì wà á gun òkè yẹn títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dáadáa. Bùsàírì ní epo ń ṣòfò, àkókò ń ṣòfò.

Kọ́láwọlé bi í pé, "Kí la ó wá fi rọ́pò òkè?"

"Àdúà."

Mo búra fún yín, ohun tó wí nìyẹn! Ó lọ kó àwọn alfa wá. Wọ́n to ọkọ̀ kalẹ̀, alfa ṣe àdúà sí i, wọ́n lẹ Bísímílàhì mọ́ gíláàsì, ó di ọjà. Ẹ̀yin alfa ẹgbẹ́ mi, ẹ má wolẹ̀, ẹ wojú mi. Ṣé àdúà ò dáa ni? Ó dáa! Ṣùgbọ́n Ànábì wa ní ká kọ́kọ́ so ràkúnmí mọ́lẹ̀, ká tó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bùsàírì tú okùn ràkúnmí, ó wá ní kí alfa máa ṣọ́ ọ.

Ọkọ̀ tó ń gbé òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òkè òkun ló ti wá. Ẹ jẹ́ n máa lọ.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ ni, Gàníyù pè é.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Gàníyù, kí ló dé? Ohùn rẹ ti rí?"

"Màámi ò jí kírun Àsùbáà."

"Ṣé ara wọn ò yá ni?"

"Ẹ̀gbọ́n... wọn ò jí."

Ìnnà lílàhì. Gàníyù ní, "Lèmọ́mù ní tá a bá ti kírun Àlàásárì tán, ká gbé wọn lọ. Ẹ mọ̀ pé a kì í gbé òkú pamọ́. Ẹ máa bọ̀."

"Mo ti wà lọ́nà."

Ó fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti tàn, àwọn ará ibi iṣẹ́ ti pé lé e lórí. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú kì í dá wa ọkọ̀. A ó sìn ọ́ délé. Ràúfù! Gbé ọkọ̀ tuntun tó wà níwájú yẹn jáde."

"Ọ̀gá, ẹ má ṣèyọnu. Ẹ jẹ́ n wa tèmi."

"Kí ló dé? Ṣé ọkọ̀ wa ò tó gbé ọ ni?"

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá ọ̀gá lóhùn. Kí ni kó wí? Ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni. Bó bá sọ ọ́, ọ̀nà là. Ó wo ojú ọ̀gá, ó wo ojú Kọ́láwọlé. Ó gbé ìdáhùn náà mì, ó wọ ọkọ̀.

Wọ́n kún inú ọkọ̀ náà fọ́fọ́, Kọ́láwọlé pẹ̀lú. Ẹ̀yìn awakọ̀ ni Bùsàírì jókòó sí.

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ọkọ̀ yìí mà ń fò o!"

Bùsàírì ní, "Ràúfù, rọra."

"Àlàájì, ẹ fọkàn balẹ̀. Tuntun ni."

"Pa éèsì yẹn."

"Ooru á mú wa o, Àlàájì."

"Mo ní pa á!"

Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "Bá a pa á, jàre. Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é." Ó nawọ́ sí i lẹ́yìn, ó ń fọwọ́ tù ú léjìká. Ọmọlúàbí èèyàn. Ṣùgbọ́n kò mọ̀. Níwájú awakọ̀, abẹ́rẹ́ kékeré kan wà tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Abẹ́rẹ́ yẹn ni Bùsàírì ń wò, éèsì sì máa ń dá kún ooru ẹ́ńjìnnì. Àwọn èrò tó kù ń sunkún ìyá rẹ̀, òun tí ìyá náà bí ò ráyè sunkún. Èèyàn kún ẹ̀yìn rẹ̀, èèyàn kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a wà níbi tó wà.

Wọ́n kọjá Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n wọ ọ̀nà Ìgbẹ́tì, níbi tí igbó ti ń gba ọ̀nà lọ́wọ́ ilé. Wọ́n ń gun òkè kan lọ́wọ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ náà gbéra. Bùsàírì ṣí ẹnu kó sọ̀rọ̀. Pọ̀ọ́! Èéfín funfun bo gíláàsì.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ràúfù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, Kọ́láwọlé tẹ̀ síwájú, ó yọ rọ́bà náà. Ó ti ya gbọọrọ bí ìgbà tí wọ́n la ẹja. Ká ní wọ́n ti wà á gun òkè ẹ̀yìn ọgbà wọn ni, ibẹ̀ ni ì bá ti ya. Kọ́láwọlé wo rọ́bà, ó wo Bùsàírì. Kò bú u. Ó nà án sí i.

"Gbà."

Bùsàírì gbà á. Ó ṣì gbóná.

Wọ́n fi awẹ́ rọ́bà táyà dì í, wọ́n bu omi odò sí i. Ọkọ̀ lọ díẹ̀, rọ́bà tún ya. Ọ̀nà dá páropáro. Òòrùn ń lọ, òun ò dúró de ẹnì kan. Fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti kírun Àlàásárì. A ti wẹ Màámi, a ti wọṣọ fún wọn. Níbo lẹ dé?"

"Ọkọ̀ ló dá wa dúró. Ẹ dúró dè mí."

"Ṣé ẹ ti sún mọ́?"

Bùsàírì wo ọ̀nà. Koríko ló rí.

"Mo ti sún mọ́."

"Kí ló ṣe ọkọ̀ gan-an?"

"Ó kàn bàjẹ́ ni."

Kọ́láwọlé wà nítòsí, ó gbọ́ ọ. Ó yíjú sínú igbó.

Ìgbà tí ó pẹ́, ọlọ́kadà kan tó ń ti oko èédú bọ̀ bá wọn níbẹ̀. Bùsàírì, àgbà Àlàájì, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku. Ọmọkùnrin náà já èédú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé e. Wọ́n wọ Ìgbẹ́tì bí ladáànì ṣe ń pe ìrun Màgàríbà. Àwọn èèyàn ń bọ̀ láti itẹ́ òkú, ọkọ́ wà léjìká wọn. Gàníyù wà láàárín wọn, erùpẹ̀ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, a dúró. A dúró títí. Lèmọ́mù ní ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú bá wọn lókè."

"Ta ló gbé orí wọn?"

"Èmi ni." Gàníyù wo erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. "Mo parọ́ fún wọn, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní, 'Màámi, Bùsàírì ló gbé yín yìí o.' Kí Ọlọ́run dárí jì mí."

Bùsàírì lọ sídìí sàréè. Ẹ̀sìn wa fàyè gbà á pé ẹni tí kò bá bá wọn kírun sí òkú lè kí i níbẹ̀. Ẹ mọ ìrun jànásà: kò ní ìtẹríba, kò ní ìforíkanlẹ̀, ìdúró lásán ni. Sàfù-sàfù la máa ń tò sí i. Òun nìkan dúró. Ó kábárà, kò sẹ́ni tó kábárà tẹ̀ lé e. Ó sálámà, kò sẹ́ni lápá ọ̀tún tí yóò gbà á.

Nígbà tó padà dé ilé, ìtùnú bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, "Àlàájì, àmúwá Ọlọ́run ni." Ẹni tó ń jáde, "Ẹ gba fún Ọlọ́run, Òun ló ní kí ọkọ̀ bàjẹ́." Ó ń mi orí. Ó ń dúpẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ń tù ú nínú tó ni àárín òun àti wọn ń jìn sí i. Ẹ ti rí ẹni tí wọ́n ń fún lómi léraléra, tí òùngbẹ sì ń pa á?

Ní àdúà ọjọ́ kẹjọ, ilé kún. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá, ọ̀gá àgbà wà níbẹ̀. Lèmọ́mù tún bẹ̀rẹ̀: "Àmúwá Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ọmọ yìí bá ìsìnkú ìyá rẹ̀..."

Bùsàírì dìde.

"Lèmọ́mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Ọlọ́run bò mí mọ́lẹ̀."

Ó yíjú sí ọ̀gá àgbà.

"Mo mọ rọ́bà tó dáa. Mo yan èyí tí kò dáa. Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn nígbà tí mo wọ ọkọ̀, ojú sì tì mí láti sọ ọ́. Irú rẹ̀ ló wà nínú gbogbo ọkọ̀ tá a ti tà. Wọ́n ń gbé ọmọ èèyàn lójú ọ̀nà báyìí. Ọ̀gá, ẹ pè wọ́n padà."

Ọ̀gá àgbà dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó jáde. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Kọ́láwọlé nìkan ló jókòó. Gàníyù kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ sọ fún mi pé ọkọ̀ kàn bàjẹ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ti jẹ́ kí n parọ́ fún òkú."

Òun náà jáde.

Ṣé wọ́n pe ọkọ̀ padà? Iṣẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Bùsàírì. Ó ta ọkọ̀ òkè òkun rẹ̀, ó fi ra rọ́bà tó lókùn nínú, ó ń ti ibùdókọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bẹ awakọ̀ pé kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan jẹ́ kó pa á dà. Àwọn kan lé e, wọ́n ní wèrè ni. Kò sẹ́ni tó ń bá a rìn. Ṣé Ọlọ́run ti gba túúbá rẹ̀? Èmi ò mọ̀. Alfa tó bá ní òun mọ̀, ẹ bi í ibi tó ti gbọ́ ọ.

Ohun tí mo mọ̀ rèé. Ànábì wa sọ pé ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ, kì í ṣe ara wa. Mo ti rò pé ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ ni wọ́n máa tó yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò láàárín èèyàn. Rárá o. Ayé níbí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó o bá ti fi ohun tí kò dáa sí ibi tí ojú ò tó, o ti ní ohun tí o ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ. O lè wà láàárín ìyàwó, kó o wà láàárín ọmọ, ìwọ nìkan lo máa wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jó irin, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ gbólóhùn kan.

Ẹ gbọ́wọ́ sókè. Ọlọ́run Ọba, fi ọ̀nà tó tọ́ hàn wá. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa, jẹ́ ká ṣe é dé inú. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà lálẹ́ òní, mú wọn délé. Má sì jẹ́ ká dé ibi tí gbogbo ayé á ti máa tù wá nínú, tí ọkàn wa ò ní lè gba ẹyọ kan.

Ẹ ṣe àmín.