Ọ̀nà Tó Jìn fún Èmi Nìkan

Jókòó! Mo ní kó o jókòó, ìwọ ọkọ ọmọ mi, má dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́, ìdọ̀bálẹ̀ kì í jí òkú. Gbé aṣọ oníbàárà yẹn kúrò lórí àga, rọra o, abẹ́rẹ́ wà lára ẹ̀. Ó dáa. O ní àárọ̀ yìí lo kúrò nílé? Àárọ̀ yìí! O ti dé, bàtà ẹ ò tiẹ̀ léruku!

Áà! Wákàtí kan péré nínú bàlúù. Ohun tó o sọ fún mi náà nìyẹn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá tọrọ ọmọ mi nínú yàrá yìí. Mo ní ṣé orílẹ̀-èdè mìíràn ò jìn jù? O rẹ́rìn-ín, o ní, “Mọ́mì, ẹ̀yìnkùlé ni. Kí ọbẹ̀ tẹ́ ẹ gbé kaná tó jinná, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wa.” Mo gbà ọ́ gbọ́, mo fa ọmọ lé ọ lọ́wọ́.

Nígbà tó wá bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ṣé ìwọ lo pè mí? Èmi ni mo pè! Mo ní mò ń bọ̀, o ní kí n fara balẹ̀, o ní ọ̀nà jìn, o ní orúnkún mi ò ní gbà á. Ẹ̀yìnkùlé ti wá jìn!

Mi ò sọ fún ẹnì kankan, mo wọ mọ́tò, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ bàlúù. Wọ́n dá wa dúró lẹ́nubodè, mo sùn lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí ò bímọ. Ẹsẹ̀ mi wú. Mo ṣáà ń bẹ ọmọ mi lọ́kàn pé kó dúró dè mí. Iyẹ̀pẹ̀ ni mo bá. Iyẹ̀pẹ̀ tútù! Ẹ ti sin ín lọ́jọ́ tó ṣáájú!

Ta ni mo sì bá ní pálọ̀ ẹ? Ẹ̀gbọ́n ẹ, tó ń gbé ní òpópónà kejì sí tèmi níbí! Òun lẹ rí pè. Ó wọ bàlúù, ó fò kọjá lórí mi níbi tí mo sùn sí, ó bá yín sin ọmọ tí mo bí!

Lónìí, o tún fò wá, o ní kí n fún ọ ní àbúrò ìyàwó ẹ kó wá bá ọ tọ́ ọmọ. Ẹnu ẹ gbà á! Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá, ìwọ kì í sì í ṣe ekòló, ejò gangan ni ọ́!

Dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kó o sọ fún mi. Lórí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ mi kú sí, ṣé ó pè mí? Wò mí lójú. Ṣé ó ní kẹ́ ẹ pe màmá òun?

O ń wolẹ̀.

Yéè! Ó pè mí! Ó pè mí, o sì parọ́ fún un pé mò ń bọ̀, àbí?

Dìde. Lọ gbé ọmọ ọmọ mi wá. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá fi ṣú tí mi ò rí i lọ́wọ́ mi, lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá ń kú lọ, wàá pe ìyá ẹ, kò ní gbọ́!