Mo Ní Aṣọ Rẹ̀ Léfòó

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin mi, mo kí yín. Mo mọ̀ pé ààwẹ̀ lẹ wà, ebi sì ń pa yín, mi ò ní pẹ́ lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́sàn-án àná kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbé mì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tó fà á.

Gbogbo yín lẹ mọ èmi, Alàgbà Adégòkè. Láti bí oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń ṣe míṣọ́nnárì ní ìlú Ìkàrẹ́ yìí, nínú oòrùn, nínú òjò, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn, báàjì orúkọ láyà, tí àwọn ọmọdé ń pariwo "Mọ́mọ́nì! Mọ́mọ́nì!" tẹ̀lé wa. Alàgbà ni wọ́n ń pè wá bó ti wù ká kéré tó, a kì í sì í dá rìn. Méjì-méjì ni wọ́n ń rán wa. Ẹni tí wọ́n bá so ọ́ pọ̀ mọ́ ni wàá bá jẹun, òun ni wàá bá gbàdúrà, o ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó kúrò lójú rẹ. Ẹni tí wọ́n so mọ́ mi ni Alàgbà Ìdòwú tó jókòó níwájú yìí. Èmi ni àgbà rẹ̀ nínú iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ayé fẹ́ràn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ mi lójú, bí Ìdòwú bá rẹ́rìn-ín báyìí, wọ́n á ṣí i, wọ́n á tún gbé àga fún un. Mo máa ń dúró níbí yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹlẹgbẹ́ rere tó fún mi. Irọ́ ni. Mò ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú, mò ń tutọ́ funfun jáde.

Ẹ tún mọ Màmá Àdùkẹ́, ìyá tó ń ránṣọ lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Kí Ìdòwú tó dé ìlú yìí rárá ni mo ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, èmi ni mo ń gbé àwọn ìbéèrè rẹ̀ lọ sílé tí mo sì ń gbé ìdáhùn padà bọ̀. Nígbà tó gbà láti ṣe ìrìbọmi, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nínú ìjọ wa, ẹni tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi ló máa ń yan ẹni tó máa rì í bọmi. Mo jókòó nínú ilé rẹ̀, mo ti tún táì mi ṣe, mò ń retí orúkọ mi.

"Alàgbà Ìdòwú ni mo fẹ́," Màmá wí. "Ẹ̀rù omi máa ń bà mí, apá tiẹ̀ sì lágbára. Alàgbà Adégòkè, ẹ má bínú o."

"Kí ló máa mú mi bínú, Màmá?" ni mo dáhùn, mo sì fi eyín funfun bo inú dúdú.

Ọjọ́ náà pé. Èmi ni mo fa omi kànga kún adágún ìrìbọmi títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Ìdòwú ló wọ aṣọ funfun wọnú omi náà. Èmi àti Bàbá Láyíwọlá, àgbà ìjọ wa, ni ẹlẹ́rìí. A dúró létí omi láti wò ó bóyá ó bo Màmá tán, torí bí ìka ẹsẹ̀ kan tàbí etí aṣọ kan bá yọ sókè, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ìdòwú gbàdúrà, ó rì í, ó gbé e dìde. Omi bò ó pátápátá. Mo rí i. Inú gbogbo èèyàn ń dùn, orúkọ Ìdòwú sì ni mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Nǹkan kan gbóná láyà mi. Mo ní, "Ẹ dúró. Ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ léfòó."

Bàbá Láyíwọlá tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ ní, "Bí Alàgbà bá ti wí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni." Ni wọ́n bá tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, jìnnìjìnnì ti bo Màmá, ó mu omi, ó ń wúkọ́, ó ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó wá fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ẹ ti rí i? Omi kọ̀ ọ́!" Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo àdúgbò. Láti ìgbà náà, ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta gbáko, àga Màmá ṣófo. Bí a bá lọ kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní kò sí nílé, a ó sì máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú yàrá.

Lọ́sàn-án àná tí a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, òjò ò jẹ́ ká jáde. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ní kí Ọlọ́run mú Màmá padà wá. Mi ò mẹ́nu ba irọ́ mi o. Orí eékún náà ni oorun ti gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin kan tó fi aṣọ ìnura funfun kọ́ apá. Ó ní, "Dìde, wá wò ó."

Ibi tó kọ́kọ́ mú mi dé ṣókùnkùn, ó sì ń gbóná. Àwọn tó ń ni aláìní lára wà níbẹ̀, wọ́n ń gbé ẹrù tí wọ́n dì fún ẹlòmíì, kò sí ẹni tó ń bá wọn sọ̀ ọ́. Mo rí àwọn panṣágà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ilé ara wọn, àwọn ará ilé sì ń béèrè pé, "Ta ni yín?" Mo mi orí, mo ní, "Ó tọ́ sí wọn." Ọkùnrin náà kàn wò mí.

A tẹ̀ síwájú, ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, atẹ́gùn tútù ń fẹ́. Àwọn olóòótọ́ ń sinmi. Mo rí ìyá ìyá mi tí ẹsẹ̀ dà láàmú títí ó fi kú, ó ń rìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó yẹ kí n sáré lọ dì mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ ìtìjú mi: ojú mi ń wá àga tí wọ́n tọ́jú de Ìdòwú! Nínú párádísè! Mo rí i, ó fẹ̀, owú sì tún ta mí láyà níbẹ̀.

Mo béèrè pé, "Tèmi dà?"

Ó nà án sí mi: okùn kànga àti garawa kan, wọ́n mọ́ tónítóní. Ó ní, "Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Gbogbo omi tí o fà la gbà. Ta ló sọ fún ọ pé iṣẹ́ rẹ kéré?" Omi bọ́ lójú mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wá ẹni tó máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi.

Ìgbà náà ni mo rí Màmá Àdùkẹ́ lóde ẹnubodè, nínú aṣọ funfun tó rin gbingbin, ó ń gbọ̀n. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní aṣọ ìnura yẹn!"

"Mi ò lè fún un. Ẹni tó dá a padà sínú omi ló máa fún un."

Kí n tó lanu, ilẹ̀ yà, mo já wálẹ̀, mo já wálẹ̀, mo bá ara mi létí omi dúdú kan, àwọn èèyàn sì yí i ká, ìka wọn nà sí ojú omi, wọn ò lè ká a kò, wọ́n ń kígbe "Ó léfòó! Ó léfòó!", kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú omi náà, ẹnu wọn ti ya, wọn ò lè dákẹ́, àyè kan sì wà láàárín wọn, mo wo ilẹ̀ ibẹ̀, báàjì mi ni mo rí, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀, ìka mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fúnra rẹ̀, mo fi ọwọ́ kejì fà á, kò gbọ́, mo ké, mo ní "Olúwa, irọ́ ni mo pa!"

Ọwọ́ kan dì mí mú, mo lajú. Ìdòwú ni. Ó ti fi aṣọ ìnura rẹ̀ bò mí léjìká nítorí òtútù òjò. Mo jẹ́wọ́ fún un látòkèdélẹ̀. Ó jókòó tì mí létí ibùsùn.

"Mo mọ̀ pé inú yín ò dùn sí mi," ó wí. "Mo ti ń bi Ọlọ́run léèrè ohun tí mo fi ṣẹ̀ yín." Lẹ́yìn náà ó dìde. "Ẹ wọ bàtà. Ẹ jẹ́ ká lọ."

A rìn nínú òjò dé ilé Màmá. Wọ́n tún ní kò sí nílé. Mo kúnlẹ̀ lójúde, mo pariwo ẹ̀ṣẹ̀ mi sínú ilé náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Màmá jáde, ó gbé aṣọ ìrìbọmi rẹ̀ dání, ó yí ìṣẹ́tí rẹ̀ sókè, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Òkúta wẹ́wẹ́ ló rán sínú rẹ̀ yíká.

"Torí kó má baà léfòó ni mo ṣe rán an síbẹ̀," ó wí. "Kò léfòó, ọmọ mi. Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Kí n ní omi kọ̀ mí ni, àbí kí n ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run purọ́ mọ́ mi? Èwo ló ṣeé sọ níbẹ̀? Mo bá jókòó sílé mi." Ó wọlé, ó mú aṣọ ìnura bọ̀, ó jù ú sí mi lọ́wọ́. "Nu orí rẹ, o ti tutù jù. Ibi tí wọ́n ti gbọ́ irọ́ yẹn ni kí o ti lọ sọ òtítọ́ rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ọ létí ara mi, màá wọlé."

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra. Ẹ̀mí tó ń mú wa jowú iṣẹ́ ẹlòmíì ò mọ ibi mímọ́, ó bá mi dé etí omi ìrìbọmi, ó sì fẹ́ bá mi wọ ọ̀run. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀run kó tó bá yín.

Màmá Àdùkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mo ti ń rí i látìgbà tí mo ti dìde, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n Màmá, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: omi ò kọ àbúrò yín. Omi gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó bò ó tán, mo fi ojú mi méjèèjì rí i. Èmi ni mo kọ̀ ọ́. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé.