Pèrègún Tí Mo Ní N Kò Rí

Irọ́ tí mo sin ti ń wú ilẹ̀. Ó tó àkókò kí n fi ọwọ́ ara mi hú u jáde. Èmi Eustache, ayàwòrán ilẹ̀, ni mo ń sọ̀rọ̀. Dókítà ti sọ iye oṣù tí ó kù fún mi, n kò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Ọdún méje sẹ́yìn ni wọ́n rán mi láti ya àwòrán àfonífojì odò kan lẹ́yìn Soclogbo, pẹ̀lú oko igi tẹ́ẹ̀kì tí ìjọba gbìn síbẹ̀. Bàbá Séraphin ni ó ni oko iṣu tí ó wà láàrin tẹ́ẹ̀kì àti odò. Ó wo irinṣẹ́ mi, ó sì bi àwọn òṣìṣẹ́ mi pé: “Ọmọ tí kò mọ ibi tí wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́, òun ni yóò wá fi ààlà ilẹ̀ mi hàn mí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Cotonou ni wọ́n bí mi sí, n kò sì mọ ibi tí wọ́n ri ìwọ́ mi mọ́. Òtítọ́ ni ó sọ, òtítọ́ náà ni ó sì bí mi nínú.

Ààlà rẹ̀ kò fara sin. Pèrègún mẹ́rìndínlógún ni bàbá rẹ̀ gbìn lọ́wọ̀ọ́wọ́. Mo kà wọ́n, mo sì kọ àyè ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé pélébé mi. Ṣùgbọ́n igi ibẹ̀ ṣú débi pé ẹ̀rọ wa kò rí sátẹ́láìtì ojú ọ̀run tí ó ń júwe àyè fún un, bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rọ kò bá ríran, ohun tí ayàwòrán bá fojú rí ni ó ń fọwọ́ fà. Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Mo fo pèrègún, mo fa ìlà tẹ́ẹ̀kì dé etí omi, oko iṣu náà sì bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba. Wilfried, igbákejì mi, ní ìlà náà ti yà. Mo ní kí ó panu mọ́, ó sì pa á mọ́. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí níṣẹ́ ibi yìí. Ebi a máa sún olè jalè. Ìkùnsínú lásán ni tèmi.

Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó fẹ́ lé Bàbá Séraphin, ó ní kí ìgbìmọ̀ ìlú pè mí wá. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn ní: “Ọ̀mọ̀wé, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí.” Ibí yìí ni ìwà ìkà mi dé góńgó: mo dìde, mo wo ojú àgbà náà, mo ní n kò rí pèrègún kankan. Ìgbìmọ̀ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti hú gbogbo pèrègún náà tán. Ilé àna rẹ̀ ní Paouignan ni ó kú sí, níbi tí kò ti ní ebè kan ṣoṣo.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá ọmọ rẹ̀, Amandine. Kò fún mi ní ìjókòó. Ó gbọ́ mi tán, ó ní: “Ẹnu kọ́ ni ẹ fi fa ìlà náà. Ẹ má fi ẹnu bẹ̀ mí.”

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́. Ẹ̀dà kan ti wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, mo so ìwé pélébé náà mọ́ ọn, Wilfried sì ti fọwọ́ sí i. Amandine kò tíì dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá bú yín lóko, ẹ bú wọn padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí kálámù yín gbọ́.