Hóró Funfun Tí Ìyá Mi Ò Lò

Rárá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mi ò ní rọra sọ̀rọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń pín oògùn lẹ wà nínú, àwa tí ẹ ń pín in fún la wà lóde, fèrèsé yìí ló là wá láàárín, ṣùgbọ́n lónìí ẹ ó gbọ́ mi. Mọ́nsúrù ni mí, ọmọ Àsíátù tó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà Kútọ̀. Ẹ ò rántí? Báwo lẹ ṣe fẹ́ rántí! Àná la ṣe fìdáù ọjọ́ kọkànlélógójì wọn.

Àtọ̀gbẹ ló ń bá wọn jà láti ọdún méje. Ẹ mọ àtọ̀gbẹ: kéèyàn máa mu omi, kó máa tọ̀, kó sì máa gbẹ. Èmi ni mò ń da korobá ìtọ̀ yẹn nù láràárọ̀, mo kórìíra rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń kórìíra ọ̀tá. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kòtò ni. Wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá ti dùbúlẹ̀, ṣe ló dà bíi pé èèyàn ń ri àwọn sínú odò Ògùn. Ìjókòó ni wọ́n ń sùn, lórí àga. Dókítà wá kọ oògùn, a tò síbí bí ẹni ń tò fún mílíìkì ìjọba, ó kàn wá, ẹ fi hóró funfun kéékèèké kan kún oògùn àtijọ́, mo sì bi yín, wàláhì tàláhì mo bi yín pé, "Àǹtí, kí ni èyí ń ṣe?" Ẹ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ẹ ní, "Ó máa jẹ́ kí wọ́n tọ̀. Ẹni tó kàn!"

Ẹni tó kàn! Ẹni tí ìtọ̀ ń pa, ẹ fún un lóògùn ìtọ̀! Kí lẹ fẹ́ kí n rò?

Kí lẹ wí? Pé ṣé wọn ò lò ó ni, àbí èmi ni mo gbé e pamọ́? Bẹ́ẹ̀ ni! Èmi ni! Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ sá fún un ni? Mo dì í sínú bébà, mo fi í sábẹ́ àwọn ìwé mi. Ìyá mi ní, "Mọ́nsúrù, funfun kékeré yẹn dà?" Mo ní dókítà ti dá a dúró. Irọ́ funfun báláú! Bùsírátù àbúrò mi ní ká padà wá béèrè. Ìyá mi ní kó fi mí sílẹ̀, wọ́n ní, "Olùkọ́ ni, ó mọ ohun tó ń ṣe." Yéè! Orí àga yẹn náà ni wọ́n kú sí, tí èémí wọn ń hó bí omi nínú ìgò. Ní kíláàsì mi ní Ìtórí, tí àwọn ọmọ bá ń kọ̀wé, tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, mo ń gbọ́ èémí yẹn. Mo máa ń ní kí wọ́n pariwo. Ẹ gbọ́ bí? Olùkọ́ tó ń bẹ ọmọ kíláàsì pé kí wọ́n pariwo!

Ìgbà tí wọ́n kú tán ni dókítà tó jókòó tì mí. Ó ní ṣúgà ti ba iṣan ọkàn wọn jẹ́, ọkàn ò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri mọ́, omi wá ń gbára jọ sí ẹsẹ̀, ó ń gbára jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Omi yẹn ni hóró funfun ń fà jáde. Ẹ wo bí àlàyé náà ti kúrú tó! Ṣé ẹ̀yìn ikú là ń ṣàlàyé oògùn? Àwọn tó ń fi mọ́tò wá, tí wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé, ṣé "ẹni tó kàn" lẹ ń sọ fún àwọn náà?

Ẹ ní èrò pọ̀, ẹ̀yin méjì péré lẹ wà. Mo gbà. Ẹ ní ẹ ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Mo gbà, mo rí ojú yín. Ẹ má sunkún, ẹ jọ̀ọ́. Ẹkún kọ́ ni mo wá gbà.

Ẹ wo ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, Ìyá Ọ̀ṣunjìmí, láti Kọ́bapẹ́ ni wọ́n ti wá. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹ wo hóró funfun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lé wọn lọ́wọ́. Èmi lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni mí? Ẹnu yín ni wọ́n máa gbà gbọ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ẹ jáde, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sọ fún wọn. Gbogbo wa lè dúró. Mi ò ní kúrò lójú fèrèsé yìí títí wọn ó fi fi ẹnu ara wọn sọ pé, "Ó yé mi."