Ìbéèrè Ilẹ̀ Tí Mo Yí fún Bàbá Àgbà Yín

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo ṣì lè fi eyín pa ẹkùrọ́… Tọ́pẹ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ṣé páàsì kúẹ́ṣọ̀n ìdánwò òfin lo tún ń há sórí? Há a dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá àgbà rẹ ṣe há a, tó fi féèlì.

Ẹ̀yin yòókù, kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Lọ́yà tí gbogbo ìlú Erijiyan ń dọ̀bálẹ̀ fún, ó féèlì!

Tíṣà ni mí nígbà yẹn, mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo ń ka ìbéèrè fún un bí mo ṣe ń bó ẹ̀gẹ́. Ìwé ìbéèrè ọdún mẹ́wàá! Kò sí ọdún tí wọn kì í béèrè ti ilẹ̀ ẹbí: olórí ẹbí ta ilẹ̀, kò sọ fún ará ilé, ṣé títà náà múlẹ̀? Bàbá àgbà yín á dijú, á máa kà á bí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ka katikísìmù: “Ó múlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹbí bá pè é lẹ́jọ́, kóòtù lè fagi lé e…”

Ó sú mi. Ẹ gbọ́, ẹnu mi kì í gbélẹ̀. Mo ní, “Bó bá jẹ́ àbúrò olórí ẹbí ló tà á ńkọ́?”

Ó fò dìde. “Ṣé ó wà nínú ìwé? Ka ohun tó wà nínú ìwé!”

Mo ń bó ẹ̀gẹ́ mi lọ…

Ọjọ́ ìdánwò dé. Kí ni wọ́n béèrè? Àbúrò ló ta ilẹ̀! Ọkọ mi ò tiẹ̀ kà á parí. Bó ṣe rí “ilẹ̀ ẹbí” báyìí, ó ti ń kọ ti olórí ẹbí lọ ràì.

Bàbá rẹ̀ pè é. “Bí o bá tún féèlì, wá sí ulé, wá kọ ebè uṣu.” Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù ba èmi náà, torí lọ́yà ni mo fẹ́, n kò fẹ́ àgbẹ̀!

Ọkọ mi wọ́ àpótí ìjókòó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́ mi. “Jọ̀ọ́, yí ìbéèrè náà.” Mo yí i! Mo sọ olórí ẹbí di àbúrò, mo sọ àbúrò di àlejò, mo sọ ilẹ̀ di ilé. Òógùn bò ó. “Àbúrò kẹ̀? Títà yẹn ò múlẹ̀ rárá!” Ọdún yẹn ló yege.

Ó ti lọ báyìí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ká má purọ́. Ẹ̀yin tòní, fóònù ló ń bi yín, fóònù náà ló ń dá yín lóhùn. Ta ló wá ń yí i fún yín?

Tọ́pẹ́, sún mọ́ mi. Ilẹ̀ ẹbí. Kì í ṣe olórí ẹbí, kì í ṣe àbúrò. Ìyàwó ilé ló tà á. Ó yá, dáhùn.

Kí lo wí? Kò sí nínú páàsì kúẹ́ṣọ̀n?

Héè… ọmọ bàbá àgbà ni ọ́ lóòótọ́. Lọ mú ọ̀bẹ wá. Ẹ̀gẹ́ wà nínú agbọ̀n.